Ọ̀nà Àbùjá Tí Mo Gbà Nínú Aginjù

Ògo! Ògo fún Ọba tó mọ ibi tí mo wà nígbà tí fóònù mi ò mọ̀ ọ́n! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dìde. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, mo sì mọ̀ pé snow òwúrọ̀ yìí ti wọ bàtà àwọn míì, ẹsẹ̀ ń tutù. Ẹ ṣáà bá mi dìde. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ wí fún Un pé, "Bàbá, O ṣeun tí O wá Bùkọ́lá rí." Ẹ tún un wí. O ṣeun! O ṣeun o! Ẹ lè jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, èmi ni Sister Bùkọ́lá. Brother Káyọ̀dé tó wà nídìí sound lẹ́yìn yẹn ni ọkọ mi. Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń fi ọwọ́ bojú nísinsìnyí nítorí pé mo dárúkọ rẹ̀, òun ni ọmọ wa. Basement kan ní Taradale, ní Calgary níbí, là ń gbé. Nọ́ọ̀sì lọkọ mi, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi, ẹ̀rọ tó ń fa omi látinú ilẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é n'Íbàdàn kí a tó wá síbí.

Nígbà tí a dé Calgary, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ nípa ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní, "You don't have Canadian experience." Ọdún méjì ni mo fi ń to páálí nínú warehouse, tí mo ń padà sílé tí ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni tí wọ́n nà. Nígbà tí iléeṣẹ́ kékeré kan wá pè mí pé àwọn ń fẹ́ ẹni tó mọ pọ́ǹpù tó ń lo sólà, mo sunkún lórí train débi pé obìnrin òyìnbó kan fún mi ní tissue. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sí Nàmíbíà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n lọ yẹ ẹ̀rọ omi àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wò nínú aginjù, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ pé rárá. Probation mi ò tíì parí.

Ọkọ mi ní, "Bùkọ́, ṣé kò sẹ́lòmíì tí wọ́n lè rán ni?"

Mo ní, "Wọ́n mú mi nítorí pé mo mọṣẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o mọṣẹ́. Aginjù ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Tèmi ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí: "Mummy, is there Wi-Fi in the desert?"

A ṣàdéhùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tèmi níbẹ̀, tó jẹ́ òwúrọ̀ ní Calgary, tí Káyọ̀dé bá ti gbé Tèmi dé school, màá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ sì fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bá satellite sọ̀rọ̀, tó lè ránṣẹ́ láti ibi tí fóònù kì í ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lára mi. Ẹ rántí ẹ̀rọ yẹn o.

Ẹ̀yin ará, mo dé ilẹ̀ kan! Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ láti Calgary lọ sí Saskatchewan, tí ẹ rò pé ẹ ti rí ibi tó ṣófo, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ní ibí yìí, bó ti wù kó ṣófo tó, ẹ máa rí wáyà iná, ẹ máa rí ilé oko kan lọ́ọ̀ọ́kán. Níbẹ̀, wákàtí mẹ́ta lè lọ kí ẹ má rí ju òkúta àti yanrìn lọ, àti òkè tó dà bí ẹni pé wọ́n sun ún níná. Kò sí ariwo. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ọkàn mi tó ń lù ni mò ń gbọ́.

Ẹni tó ń wa mi kiri ni bàbá kan tó ń jẹ́ Petrus. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Oupa, ìyẹn bàbá àgbà lédè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́, onírẹ̀lẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú aginjù yẹn ni wọ́n bí i sí. Bí a bá dúró jẹun, á bu omi díẹ̀ dà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ kó tó mu tiẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́jọ tí a jọ rìn, mi ò rí i kó bínú rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyẹn. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀rí níbí tó jẹ́ pé ọ̀tá ló ṣe é, ayé ló ṣe é. Tèmi kì í ṣe ọ̀tá. Èmi Bùkọ́lá ni mo ṣe é.

Ilé ìwòsàn tí a fẹ́ lọ lọ́jọ́ yẹn jìn, wákàtí márùn-ún ni. Láàárọ̀, nílé àlejò tí a sùn, mo tẹjú mọ́ máàpù lórí fóònù, mo rí ọ̀nà kan tó gé e kù sí wákàtí méjì ààbọ̀. Inú mi dùn. Mo ní, tí a bá gba ibẹ̀, màá ṣe ilé ìwòsàn méjì lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi á mọ̀ pé àwọn ò ṣìnà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Mo fi han Oupa. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà yìí ti kú. Odò ti gbé e lọ. Èèyàn kì í gba ibẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Oupa, odò wo? Ilẹ̀ yìí ò lódò."

Ó ní, "Ó lódò. Omi ni ò ní."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó wà lórí máàpù, ẹ jẹ́ ká gbà á." Ó tún ní ká má gbà á. Èmi náà wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí títí dòní. Mo ní, "Oupa, èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ wa ọkọ̀."

Ẹ wò ó! Èmi tí wọ́n tọ́ n'Íbàdàn. Èmi tí mo mọ̀ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi ìrókò, kò lè rí i. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá tó jù mí lọ ní ogún ọdún. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀.

Kíkánjú tí mò ń kánjú jáde, ẹ̀rọ satellite yẹn wà lára iná nínú yàrá, mo ti í síbẹ̀ kó gba chárjì. Ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni ọ̀nà náà fi dára. Mo tiẹ̀ ń kọrin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, ó di òkúta, ó di yanrìn, a sì bọ́ sínú odò gbígbẹ náà. Ọkọ̀ rì. Oupa gbìyànjú láti fà á jáde, ẹsẹ̀ ọkọ̀ fò sókè, ó bà lé àpáta, a gbọ́ "gbàù!" nísàlẹ̀. Shaft, irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ti ṣẹ́. Nígbà tí a sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan nínú kẹ́ẹ̀gì omi méjì tí a gbé ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi inú rẹ̀ ti ń dà sórí yanrìn. Yanrìn ń mu ún bí ẹni tí kò mumi láti ọdún tó kọjá. Kẹ́ẹ̀gì kejì, a ti lò ó débi ìdajì.

Mo na fóònù sókè. Kò sí nǹkan kan. Mo gun orí òkè kan, mo nà án. Kò sí. Mo wá ní, "Ó dáa, ẹ̀rọ satellite." Mo tú àpò mi. Mo tún un tú. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Oupa ń wò mí. Mo ní, "Oupa, mo gbàgbé rẹ̀ sílé."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó kàn sọ pé, "Jókòó sábẹ́ ọkọ̀, ibòji wà níbẹ̀. Má rìn lọ. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n máa ń rí, wọn kì í rí ẹni náà."

A dúró. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ibi tí a ń lọ, wọ́n á rò pé a ò tíì kúrò nílé. Ibi tí a ti kúrò, wọ́n á rò pé a ti dé. Tí wọ́n bá sì wá wa, ọ̀nà gidi ni wọ́n á wá wa sí. Ta ló máa wá síbi tí odò ti gbé ọ̀nà lọ?

Ní ọjọ́ kejì, mo kíyè sí i pé Oupa ń fi ọgbọ́n tàn mí. Tó bá kàn án láti mumi, á gbé ìgò sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ ò ní mì. Ó ń fi omi sílẹ̀ fún mi! Nígbà tí mo fi máa mọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó fẹ́ dìde, ó ṣubú lulẹ̀. Ètè rẹ̀ ti là. Mo di í mú, mo ní, "Oupa, kí ló dé tí ẹ ṣe báyìí?"

Ó ní, "O ní ọmọ kékeré nílé. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà."

Ẹ̀yin ará mi, mo ké. Ibẹ̀ ni mo ti gbàdúrà tí mi ò gba irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe àdúrà ẹlẹ́nu dídùn. Mo ní, "Olúwa, èmi ni mo ṣẹ̀. Bàbá yìí ò ṣẹ̀. Bí O bá máa mú ẹnì kan, má mú ẹni tó kìlọ̀." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ rántí sọ "lórúkọ Jésù."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí oòrùn ṣe ń gòkè, Oupa fi ìka tọ́ka sókè. Ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ kan tó dà bí àdàbà, wọ́n pọ̀, wọ́n ń fò lọ sí apá ibì kan náà, wọ́n ń ké bí wọ́n ti ń lọ. Ó fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ pé, "Àná, wọ́n gba ibẹ̀. Ìjẹta, wọ́n gba ibẹ̀. Ẹyẹ yẹn kì í jẹun láìmumi láàárọ̀. Omi wà níbi tí wọ́n ń lọ."

Mo ní, "Ẹ ní kí n má kúrò nídìí ọkọ̀."

Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a lómi."

Ìgò kékeré kan péré ló kù. Mo pín in sí méjì. Èyí tó jẹ́ tiẹ̀, mo fi sí i lẹ́nu, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú títí ọ̀fun rẹ̀ fi mì, mi ò gbọ́ àlàyé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tó là, torí èkejì tóbi ju ohun tí mo lè rù lọ. Mo ya àwọn ìwé report mi, gbogbo ìwé tí mo rò pé ó máa sọ mí di èèyàn pàtàkì, mò ń fi òkúta tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí mo ti ń lọ, kí n lè rí ọ̀nà padà. Mo ń wòkè, mo ń wòlẹ̀. Tí ọ̀wọ́ ẹyẹ kan bá lọ tán, màá dúró, kí òmíràn tó kọjá. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀. Oòrùn ti ń ta mí lórí bí ata.

Mo gun òkè kékeré kan, mo wo ìsàlẹ̀. Ilé kan! Mo sáré. Mo ń pariwo, "Ẹ gbà mí! Please! Ẹ gbà mí o!"

Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, òrùlé ti ṣí. Ọpọ́n símẹ́ǹtì gígùn kan wà níbẹ̀ tí ẹran ti ń mumi rí, ó gbẹ táútáú. Táǹkì kan wà lókè, omi díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ ń jò nídìí, ó ń kán tó, tó, tó, sínú kòtò kékeré kan tí kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Gbogbo ẹyẹ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n dà bò. Omi àwọ̀ ewéko, ìyẹ́ kún inú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ètè kàn án. Kò lè kún ìgò kan.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ibi tí O mú mi wá nìyí?"

Ni mo bá gbójú sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ní àárín aginjù, níbi tí kò sí èèyàn, kí ni mo rí lórí òpó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì yẹn? Páńẹ́ẹ̀lì sólà! Mẹ́rin! Eruku bò wọ́n, ọ̀kan ti fọ́, mẹ́ta pé. Wáyà wọlé sínú ihò borehole. Pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀!

Olúwa ò rán angẹli sí mi o. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni Ó gbé síwájú mi! Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn yín!

Mo fi scarf mi nu páńẹ́ẹ̀lì. Mo tọ wáyà, mo rí i pé ẹranko kan ti jẹ ẹ́ já. Àpótí tó ń darí iná ti jóná. Kò sí irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi, eyín ni mo fi bó wáyà. Mo fo àpótí yẹn, mo so wáyà páńẹ́ẹ̀lì mọ́ wáyà pọ́ǹpù tààrà. A kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá lé e kúrò níwájú mi. Mo so ó. Kò dún. Mo yí i padà, mo tún un so. Ilẹ̀ ṣe "ùùùùn."

Mo fi etí lé páìpù. Ó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ ọ, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Páìpù wú ikọ́, ó pọ eruku, ó pọ omi pupa bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà omi funfun, omi tútù, ó ń tú yàà! Mo kígbe! Àwọn ẹyẹ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń jó, ẹ̀yin ará, èmi nìkan, mo ń jó nínú omi.

Mo mu. Mo pọnmi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dojú ibi tó là sókè kó má baà dànù. Mo fi scarf ṣe òṣùká. Bí mo ṣe ń pọnmi ní kékeré lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ìlá náà ni mo ṣe gbé e rù, mo sì ń tọ àwọn bébà mi lọ́kọ̀ọ̀kan padà.

Nígbà tí mo dé, Oupa ò dáhùn. Mo ní, "Bàbá! Bàbá Petrus!" Ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó ń pè mí ní orúkọ ẹlòmíràn. Ohun tí ọkọ mi máa ń sọ nípa àwọn arúgbó rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, pé ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ìdérí ìgò ni mo fi ń fún un. Ìdérí kan, màá dúró. Ìdérí kan, màá dúró. Mo rẹ aṣọ sómi, mo fi bo orí rẹ̀. Mo ń kọ orin fún un, mo ń sọ̀rọ̀ fún un lédè Yorùbá, mi ò mọ̀ pé Yorùbá ni mò ń sọ. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ mí. Ó ní, "Àwọn ẹyẹ yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Wọn ò purọ́, Bàbá."

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Calgary. Káyọ̀dé ni mo bi kí n tó lè sọ ọ́.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ò dé, ó ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe iléeṣẹ́ wa. Iléeṣẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá níbẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n wá gbogbo ojú ọ̀nà títí dé ilé ìwòsàn tí à ń lọ, wọ́n wá a lọ, wọ́n wá a bọ̀. Ọlọ́pàá kan wá bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní, "Sir, a ti wá ọ̀nà náà tán. Wọn ò sí lójú ọ̀nà náà. Ṣé ibòmíràn wà tí ìyàwó yín lè lọ?" Káyọ̀dé ní òun ò mọ̀. Ó ní òun jókòó sórí àtẹ̀gùn basement wa.

Mummy Adéoyè láti Falconridge ti dé ilé wa nígbà náà, wọ́n ń ṣe oúnjẹ fún Tèmi. Ẹ̀yin ìjọ ti wà lórí prayer line. Tèmi ń wo fóònù bàbá rẹ̀, ó ń wo àwọn fọ́tò tí mo ti fi ránṣẹ́. Ó ní, "Daddy, what's this blue line?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Tèmi, jọ̀ọ́, má dààmú mi."

Ó ní, "But Mummy sent it. She said, see the shortcut your wife found."

Yé! Èmi ti gbàgbé pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nílé àlejò, nínú ìgbéraga mi, mo ti ya àwòrán máàpù yẹn, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi lórí WhatsApp, kó lè mọ irú obìnrin tó fẹ́! Ó rí i lóòótọ́, ó sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìgbéraga tó kó mi sínú aginjù náà ni Ọlọ́run wá lò láti fi júwe ibi tí mo wà. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń ṣe irú ìyẹn?

Káyọ̀dé fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ọlọ́pàá náà pè é padà, ó ní, "Sir, ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà mọ́. A kì bá tí wá wọn débẹ̀ láéláé."

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn ni mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọlọ́pàá náà ni, pẹ̀lú ìyá kan tó ń jẹ́ Magrieta tó ń fi ọ̀nà hàn án, tí wọ́n ní òun nìkan ló mọ ilẹ̀ yẹn. Ìyá yẹn bọ́ sílẹ̀, ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Níbo lẹ ti rí omi?"

Mo tọ́ka. Ó ní, "Irọ́ ni. Oko wa nìyẹn. Ọkọ mi ló gbẹ́ kànga yẹn. Láti ìgbà tó ti kú ni kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí rèé tí mo fi kó ewúrẹ́ mi kúrò."

Mo ní, "Mà, ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ọwọ́ ló fi bo ẹnu.

Wọ́n gbé wa lọ sí hospital. Dókítà yẹ Oupa wò, ó jáde, ó bi mí pé, "Ta ló ń fún un lómi?" Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan mìíràn tó burú. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Kídìnrín rẹ̀ ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ká ní ìdajì ọjọ́ sí i ló lò láìrí omi, òkú lẹ ì bá gbé wá. Á yè é." Á yè é! Ẹ bá mi dúpẹ́!

Ọjọ́ kẹrin tí ó ti wà ní hospital, tó ti ń jókòó, mo wọlé lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ yàrá yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò mí, mi ò wò wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ kìlọ̀, mo fi ẹnu gbá yín lójú."

Ó ní, "Ó dùn mí o." Mo dúpẹ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀, torí bó bá ní kò dun òun, mi ò ní gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo lè kọ̀. Dìde, ọmọ mi. Lọ tún kànga Magrieta ṣe dáadáa, wáyà tí o fi eyín bó yẹn, ó máa pa ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́."

Mo lọ tún un ṣe. Magrieta ti kó ẹran rẹ̀ padà síbẹ̀. Mo padà wálé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú report bó ṣe rí gan-an: agídí mi, ẹ̀rọ tí mo gbàgbé, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Oupa. Mo ti ń múra ọkàn sílẹ̀ láti padà lọ to páálí. Ọ̀gá mi kà á tán, ó ní òun ò lè yìn mí fún ohun tí mo ṣe, ó ní òun sì máa mú kí probation mi gùn sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó lè kọ irú èyí nípa ara rẹ̀, òun ò ní jẹ́ kó lọ. Mo dúpẹ́.

Káyọ̀dé, ẹ ṣeun, ọkọ mi. Tèmi, God bless you, má bojú mọ́. Mummy Adéoyè, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lórí prayer line, tí ẹ ń gbàdúrà nínú ọkọ̀, ní ibi iṣẹ́, nínú locker room, ẹ ò ní pe Ọlọ́run kó má dáhùn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí láàárọ̀ yìí tó wà nínú wàhálà tí kò lè gbàdúrà lé lórí. Ojú ń tì ọ́, torí pé ìwọ lo fà á. Wọ́n kìlọ̀ fún ọ, o ò gbọ́. O ń ronú pé, irú ẹnu wo ni màá fi pe Ọlọ́run? Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu tó là, tí kò ní itọ́, ni mo fi pè É. Kò kọ́kọ́ bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Ó kọ́kọ́ fún mi lómi.

Ẹ pè É.